Èrè Gòkè, Iye Owó Ìpín Dúró: Bí Ẹ Ṣe Lè Wádìí Ìpín Ilé-iṣẹ́ Tẹlifóònù Fúnra Yín

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ṣágámù, ìyá kan tó ń ta obì gbàǹja ní Sábó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ọmọ mi, bá mi wò ó. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí mo ra ìpín rẹ̀ jèrè rẹpẹtẹ. Oṣù mẹ́jọ rèé, iye tí mo rà á ló ṣì wà. Ta ló wá ń jẹ èrè ọ̀hún?"

Mo ní, "Ẹ jókòó, Ìyá, ká jọ wá a."

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu olùkọ́, lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé wọ́n rò pé iye owó ìpín, ìyẹn apá kékeré tí ènìyàn rà nínú ilé-iṣẹ́, jẹ́ ẹ̀bùn tí ọjà ń fún ilé-iṣẹ́ nítorí iṣẹ́ rere ọdún tó kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye owó ìpín ni ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á lónìí gbà láti san nítorí owó tó gbà gbọ́ pé yóò tẹ òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni náà sì mọ ibòmíràn tó lè kó owó rẹ̀ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí. Èmi kò ní sọ pé kí ẹ rà tàbí kí ẹ tà. Ọ̀nà tí a gbà wádìí ni mo fẹ́ fi hàn yín, ọ̀sán Sátidé kan ló sì gba èmi àti ìyá náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ mú ìwé àjákọ kan, bírò kan, àti ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín. Ẹ lọ sórí ìkànnì ọjà ìpín Nàìjíríà, NGX, kí ẹ gba àkọsílẹ̀ ìṣúná ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún méjì tó tẹ̀léra. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá ìwé tí búrókà, aṣojú tó ń bá yín ra ìpín lọ́jà, fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ mọ iye tó kúrò lápò yín gan-an, pẹ̀lú owó iṣẹ́ búrókà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rántí iye tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń kà.

Ẹ mọ ohun tó wà lórí àtẹ pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká méjì péré ni ẹ lè ra ìpín wọn lọ́jà wa. MTN Nàìjíríà dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2019 ní ₦90. Airtel Africa tẹ̀ lé e ní oṣù keje ọdún náà ní ₦363. Àwọn ará ilé máa ń bi mí nípa Glo, pàápàá lásìkò Ojúde Ọba, nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá kún gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Mike Adenuga tó ni í, orí wa sì ń wú nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, kò sí lórí ọjà ìpín. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ìpín Glo tí òun fẹ́ tà fún yín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pín bílíọ̀nù náà sórí ìpín kọ̀ọ̀kan

Bílíọ̀nù máa ń fọ́ni lójú. Ẹ wá òǹkà gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀, kí ẹ fi pín èrè lẹ́yìn owó orí.

Ẹ jẹ́ ká fi MTN Nàìjíríà ṣe é. Ní ọdún 2022, ó kéde èrè ₦358.9 bílíọ̀nù. Òǹkà ìpín rẹ̀ nígbà náà jẹ́ bílíọ̀nù 20.35. Tí ẹ bá pín in, ìpín kan jèrè bíi ₦17.60. Bí ọdún yẹn ṣe ń parí, bíi ₦215 ni wọ́n ń ta ìpín kan. Ẹ wá fi 17.60 pín 215. Ó lé díẹ̀ ní 12. Ìyẹn ni pé ẹni tó rà á nígbà yẹn san ₦12 lórí ₦1 èrè ọdún kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà 12 yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ju èrè lọ, torí òun ni ìgbàgbọ́ ọjà. Ìgbàgbọ́ sì lè dínkù nígbà tí èrè ń pọ̀ sí i. Ká ní èrè orí ìpín kan fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di ₦21.12. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀rù ti ń ba àwọn olùrà, tí wọn kò fẹ́ san ju ₦10 lọ mọ́ lórí ₦1 èrè. Ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀: ₦211. Èrè lọ sókè pẹ̀lú ìdá 20, iye owó ìpín sì fi ₦4 rẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Nígbà tí ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìṣirò yìí, ó dákẹ́, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ kọ ti òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ti òní bá kéré sí ti ọjọ́ náà, ẹ ti rí apá kan ìdáhùn: ìgbà tí ìgbàgbọ́ ọjà ga ni ẹ wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò

Èyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Èrè MTN ní 2021 jẹ́ ₦298.7 bílíọ̀nù. Láti ibẹ̀ dé ₦358.9 bílíọ̀nù jẹ́ bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Lóṣù kejìlá 2022, ọ̀wọ́ngógó tí ìjọba kéde jẹ́ ìdá 21.34. Ohun tí èrè 2022 lè rà kò ju ohun tí ti 2021 lè rà lọ. Ẹni tó ń ta gààrí Ìjẹ̀bú mọ èyí láìlọ sílé ìwé: ó gba owó tó pọ̀ ju ti èṣí lọ lórí kóńgò kan, síbẹ̀ owó náà kò lè ra ẹ̀gẹ́ tó ju ti èṣí lọ.

Iye owó ìpín náà ńkọ́? Ó kúrò ní bíi ₦197 lópin 2021, ó dé bíi ₦215 lópin 2022. Ìdá 9 péré. Ẹni tó ń yọ̀ pé òun jèrè ti pàdánù níwájú ọjà oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá dọ́là tó wà nínú àkọsílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibí ni egungun ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wà nílẹ̀ yìí.

Owó tó ń wọlé fún wọn, náírà ni: káàdì ìpè tí ẹ rà ní Ìpẹru, détà tí ọmọ yín rà ní Ìlíṣàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń náwó lé ló so mọ́ dọ́là. Ẹ̀rọ tó wà lórí másìtì ti òkè òkun wá. Ọ̀pọ̀ másìtì kì í sì í ṣe tiwọn, wọ́n ń yá a lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bíi IHS ni, apá kan owó tí wọ́n fi ń yá a sì ń tẹ̀ lé iye dọ́là. Gbèsè òkè òkun náà wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní bíi ₦460 lọ́jà ìjọba ti ju ₦900 lọ kí ọdún náà tó parí, ó sì ti ju ₦1,500 lọ bí 2024 ṣe ń parí. Ẹ wo ohun tó ṣe. Ní 2023, MTN Nàìjíríà pàdánù bíi ₦740 bílíọ̀nù lórí ìyípadà owó nìkan, èrè di àdánù ₦137 bílíọ̀nù. Ní 2024, ti ìyípadà owó di ₦925 bílíọ̀nù, àdánù gbogbo sì lé ní ₦400 bílíọ̀nù. Airtel Africa náà kéde àdánù mílíọ̀nù dọ́là 89 fún ọdún ìṣúná tó parí ní oṣù kẹta 2024, ìṣubú náírà sì wà lára ohun tó fà á. Láàárín gbogbo èyí, àwọn ènìyàn kò dẹ́kun pípe ara wọn, wọn kò sì dẹ́kun ríra détà. Ọjà ń tà, àpò ń jò.

Ẹ̀yin tí ẹ rántí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Etisalat mọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀. Oníbàárà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Gbèsè báńkì tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là kan ni kò jẹ́ kó lè mí, títí àwọn tó ni orúkọ náà fi jáde ní 2017, tó sì di 9mobile.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àkọsílẹ̀ náà, nítorí náà ẹ wá ọ̀rọ̀ "foreign exchange" nínú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ èrè ni wọ́n rí níbẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èrè gbogbo kí ẹ tó yọ̀, torí náírà tó gbádùn lọ́dún yìí lè ṣàìsàn lọ́dún tó ń bọ̀, ọjà kì í sì í sanwó ńlá lórí irú èrè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ owó àwọn onípín sí, "total equity". Tí nọ́ńbà ibẹ̀ bá wà nínú àkámọ́, gbèsè ilé-iṣẹ́ náà ti ju ohun ìní rẹ̀ lọ, ó ti wà nínú kòtò. Bẹ́ẹ̀ ni MTN Nàìjíríà ṣe parí 2024. Tí àdánù tó ti kó jọ bá ti gbẹ́ irú kòtò yẹn, ilé-iṣẹ́ kò lè pín èrè títí yóò fi dí i. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, ìyá náà ní, "Kòtò ló ń jẹ ẹ́ nígbà náà." Kòtò náà ni, Ìyá. Ó lè jẹ ẹ́ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ti kọ ọ́ gàdàgbà pé èrè ti padà dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ya èrè sọ́tọ̀ kúrò lára owó lọ́wọ́

Ẹ ṣí ojú ewé "cash flow". Ẹ mú owó tí iṣẹ́ náà mú wọlé, kí ẹ yọ owó ẹ̀rọ tuntun àti másìtì, owó ìwé àṣẹ, owó yíyá másìtì àti èlé gbèsè. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni a lè pín fún onípín.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kò lè sinmi lórí ohun tó kọ́ léṣìí. Ní oṣù kejìlá 2021, MTN àti ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Mafab gba àṣẹ láti lo ìgbì 5G, mílíọ̀nù dọ́là 273.6 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì máa san. Ìyẹn kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kankan. Díísù ń jó lábẹ́ másìtì lójoojúmọ́ torí iná kò dúró. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ń gé wáyà tí wọ́n rì sílẹ̀, wọ́n á tún un rì. Mo sọ ọ́ fún ìyá náà pé ó dà bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ akérò láti Ṣágámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde: owó tó pa lójúmọ́ lè pọ̀, ṣùgbọ́n tí táyà, ẹ́ńjìnnì àti gbèsè ọkọ̀ bá ń gba gbogbo rẹ̀, ta ló máa san owó ńlá láti bá a dá sí i?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wò ó bóyá ọjà ti gbọ́ ṣáájú yín

Ìyá náà ló kọ́ mi ní èyí, kì í ṣe èmi. Mo bi í pé kí ló dé tí obì kì í wọ́n lójijì lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé kò sí obì lóko. Ó ya á lẹ́nu pé mo ń bèèrè. "Kí ọkọ̀ tó gbé e dé Sábó ni àwọn oníbàárà Hausa ti mọ̀. Tí gbogbo wa bá ti mọ̀ lóṣù kejìlá pé obì máa wọ́n lóṣù kẹta, ta ló máa tà á fún mi ní pọ́ọ́kú lóṣù kejìlá? Ẹni tó tètè kó o sínú apẹ̀rẹ̀, tó ń fi ewé bò ó, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò mú kúrò, òun ló jèrè ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Kí àkọsílẹ̀ tó jáde, àwọn tó ń ṣètò owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ti ṣírò ohun tí wọ́n ń retí. Wọ́n ti rà. Ọjọ́ tí ìròyìn èrè dé etí wa lórí rédíò ni àwọn mìíràn nínú wọn ń tà fún wa. Tí èrè bá wá rí bí wọ́n ṣe retí rẹ̀, kò sí ohun tuntun tí yóò tì í sókè. Tí ó bá kéré díẹ̀ sí ìyẹn, ó lè ṣubú, bó tilẹ̀ jẹ́ èrè ńlá.

Ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ní ìdàkejì pẹ̀lú. Ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni MTN Nàìjíríà gbé àkọsílẹ̀ àdánù ₦400 bílíọ̀nù jáde. Bíi ₦200 ni ìpín rẹ̀ wà bí 2024 ṣe parí. Ó ti kọjá ₦400 kí 2025 tó parí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ tẹlifóònù, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti détà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀. Náírà náà sì fara balẹ̀. Ọjà fojú fo àdánù èṣí, ó ń wo èrè tó ń bọ̀.

Ẹ kọ iye owó ìpín sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta: oṣù mẹ́ta ṣáájú ìròyìn èrè, ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Tí ó bá ti gun òkè láàárín méjì àkọ́kọ́ tó sì dúró lẹ́yìn ìyẹn, ọjà ti gbọ́ ọ. Ẹ sì máa fi etí sí NCC, torí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kò lè dá fi owó kún ọjà rẹ̀ bí alátà ṣe lè dá fi kún owó ata.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ bèèrè ohun tí ìjọba ń san

Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan náírà lọ́wọ́ lè yá ìjọba. Ní 2024, èlé treasury bills ọlọ́dún kan, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ìgbà kúkúrú, kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún láwọn ìgbà kan. Ta ló máa fi èyí sílẹ̀ wá ra ìpín tó lè lọ sókè tó sì lè wá sílẹ̀, àfi tí wọ́n bá tà á fún un ní owó pọ́ọ́kú?

Fún ọdún 2022 pàápàá, MTN pín ₦15.60 lórí ìpín kan. Owó orí gba ìdá 10 nínú rẹ̀, ₦14.04 ló tẹ onípín lọ́wọ́. Lórí ₦215, ìyẹn kò pé ìdá 7. Bọ́ǹdì ìjọba, ìwé tí ó fi ń yá owó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ń san ju ìdá 13 lọ lásìkò kan náà. Ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú owó tí ẹ fúnra yín rà á àti èlé ìjọba ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ keje: ta ló ń tà, ta ló ń rà?

Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ọjà ni kò sí. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2024, ₦2,200 gan-an ni Airtel Africa wà, kò lọ kò bọ̀. Ìpín tó ń yí lọ́wọ́ kéré lọ́jà wa, ó sì ní iye ìpín tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà lẹ́ẹ̀kan kí iye owó tó lè yí. Ti MTN Nàìjíríà, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ MTN Group ti South Africa. Tí olówó ńlá bá tú ìpín dà sọ́jà, bíi mílíọ̀nù 575 tí wọ́n gbé jáde ní ₦169 lópin 2021, ìpín tó wà fún títà á pọ̀ sí i, olùrà á sì ní ibi tó ti lè yàn.

Ẹ bi búrókà yín ní ìbéèrè méjì péré: mélòó ni wọ́n tà láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mélòó ló sì wà nílẹ̀ fún títà báyìí tí olùrà kò tíì mú?

Ohun tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn náà

Tí ó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ ọjà ló dínkù nígbà tí owó lọ́wọ́ ń pọ̀ sí i, tí kòtò ti dí, sùúrù ní ìdí. Tí èrè náà bá jẹ́ ti ìyípadà owó nìkan, tí owó lọ́wọ́ kò sì kúrò lójú kan, ẹ má fi owó mìíràn lé e nítorí pé ó "pọ́ọ́kú". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ ra ìpín nítorí ìròyìn èrè. Mo ti rí ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ọmọ san èlé lóṣooṣù nígbà tí ìpín rẹ̀ dúró bí òpó iná, inú mi kò dùn rárá sí ohun tí mo rí lójú ìyàwó rẹ̀.

Ìyá náà kò tà. Ó rí i pé nọ́ńbà tó wọlé sí ga, pé ilé-iṣẹ́ tó ra ìpín rẹ̀ ṣì ń dí kòtò, ṣùgbọ́n owó lọ́wọ́ ń gun òkè. Ó kọ ọ́ sínú ìwé obì rẹ̀, ní ìdojú kejì, pé tí kòtò náà kò bá dí lẹ́yìn àkọsílẹ̀ méjì tó ń bọ̀, òun á tà á. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbé àkọsílẹ̀ jáde. Ó ti fa ìlà mẹ́rin sí ojú ewé tuntun de èyí tó kàn: èrè orí ìpín kan, ìyípadà owó, owó lọ́wọ́, kòtò.